Ìyá Tí Iná Ò Rí Jó

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó sanra díẹ̀, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó fi báàgì dúdú kọ́ apá, tó dúró síwájú ilé onílé tó ń wo òkè bí ẹni tó ń wá ibi tí òjò ti ń jò, ẹ má pè é ní aláìníṣẹ́ o. Ẹnu iṣẹ́ ló wà yẹn. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Kò wọ aṣọ ọlọ́pàá, kò mú kóńdó dání, kì í pariwo mọ́ èèyàn. Olè mìíràn á tiẹ̀ ti kí i pé "Ẹ kú ìrìn o, Màmá," á ti bá a gbé báàgì sọdá títì, kó tó wá yé e pé òun gan-an ni Màmá ń wá bọ̀.

Ní teṣán, Màmá Lẹ́yìn-Ẹ̀fà ni wọ́n ń pè é. Bàbá tó bí i kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ẹnu ara ẹ̀ ló fà á. Bí ẹjọ́ kan bá ti fẹ́ parí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń pa fáìlì dé, tí ọkàn wọn ti ṣáájú wọn délé, ìgbà yẹn ló máa gbórí sókè, á ní, "Ẹ dúró ná. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ." Gbogbo yàrá á pòṣé. Ẹni tó ti dìde á tún jókòó. Wọ́n ti mọ̀ pé oúnjẹ á ti tutù kí àwọn tó débẹ̀.

Ẹ má rò pé ìwé ńlá kan ló kà kó tó di ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Oríta ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń darí ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́, nígbà tí ìbàdí ẹ̀ ṣì wà níwọ̀n. Lọ́jọ́ kan, oòrùn mú ganrínganrín, kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó rẹwà dé iwájú ẹ̀, ó fẹ́ yà sápá ọ̀tún. Dípò kí iná ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà máa ṣẹ́jú, ọwọ́ tó ń nu òjò ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tó ń bọ̀ lórí gíláàsì gbígbẹ, "fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀." Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, ọwọ́ mi ló ṣì." Òun náà bá a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó na ọwọ́ funfun sókè, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹni tó ni ọkọ̀ kì í táràrà kiri inú ẹ̀ bí àlejò tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ilé onílé. Àṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ọkọ̀ náà ni, olóhun ṣì wà ní teṣán tó ń sunkún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gba ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n ní kó wá máa fi ojú yẹn ṣiṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́.

Àwọn tó ń wo ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ nínú tẹlifíṣọ̀n rò pé ìbọn yíyìn àti eré sísá ni. Ẹ jọ̀ọ́. Ìdúró ni, ìjókòó ni, kí a kan ilẹ̀kùn kí wọ́n má ṣí i ni, kí a tún padà lọ kàn án lọ́jọ́ kejì ni. Ó gbọ́dọ̀ dé ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ kí ẹsẹ̀ aráyé tó pa ojú ibẹ̀ rẹ́. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, bá ẹni tí wọ́n ní ó ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, bá ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé sọ̀rọ̀, àti pé ẹni tó ń yọjú yìí ló sábà máa ń mọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, á kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, á wá lọ dúró níwájú adájọ́ kí lọ́yà kan máa bi í bóyá ó wọ awò ojú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàtà ló ń run. Ẹni tó ń bá a tún bàtà ṣe ti bi í rí pé, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń wọ̀ ọ́ ni, àbí ẹ̀ ń jẹ ẹ́?"

Ó wá ní àṣà kan. Bí èèyàn bá sọ ohun tó mọ̀ fún un tán, á ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun. Ẹ wá sọ ọ́ fún mi láti ẹ̀yìn wá síwájú." Ẹni tó há irọ́ sórí, láti iwájú ló ti há a. Bí ẹ bá ní kó mú un láti ìdí, á máa kọsẹ̀ bí ẹni tó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àmọ́ ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí lóòótọ́, ibi tó wù kí ẹ já a sí nínú ọ̀rọ̀ náà, ilé ẹ̀ ni, ó mọ ọ̀nà. Ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun nìkan lòun mọ ìyà tó wà nínú àṣà yẹn. "Ẹ̀yin lè pẹ́ délé kí ẹ purọ́ fún ìyàwó tiyín," ló máa ń wí fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. "Èmi, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń fi ẹ̀yìn rìn wọlé."

Nínú gbogbo ẹjọ́ tó ti ṣe, ti alágbàfọ̀ ni ẹnu ò tíì kúrò lára ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù méjì ló fara kanra lójú títì kan, ògiri kan ṣoṣo ló pín wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti alágbàfọ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó jẹ́ pé bó bá lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, ọrùn ọ̀hún lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ìkejì jẹ́ ti oní-fóòmù, bàbá gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan tó kọ SÙN-UN-RE gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, tí gbogbo èèyàn wá ń pe òun náà ní Sùn-Un-Re. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì, iná sọ. Ẹ sì mọ fóòmù, bí epo ló ṣe ń jó. Kí panápaná tó dé, ti Sùn-Un-Re ti di eérú, ìdajì ti alágbàfọ̀ ti bá a lọ.

Sùn-Un-Re ká ọwọ́ lérí, ó ń yí nílẹ̀. Ó ní alágbàfọ̀ ló fi áyọ́ọ̀nù sínú iná láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó tilẹ̀kùn, tó gbalé lọ. Sájẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Kíákíá ló kọ́kọ́ débẹ̀, orúkọ ẹ̀ sì ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Kí omi panápaná tó gbẹ, ó ti mú alágbàfọ̀, ó ti di áyọ́ọ̀nù tó jóná sínú ọ̀rá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó ti ń fọwọ́ nuwọ́.

Èyí tó wá burú jù ni pé alágbàfọ̀ fúnra ẹ̀ gbà. Kò sẹ́ni tó lù ú o. Ó kàn jókòó sí àtìmọ́lé, ó ń rò ó, ó ń rò ó, títí ó fi sọ pé, "Bóyá èmi ni." Kíákíá yára kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá teṣán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí iṣẹ́ ti bò mọ́lẹ̀, pe Màmá wọlé. "Màmá, ẹ bá wa fojú wo fáìlì yìí kí ẹ pa á dé. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló ń lọ sí kóòtù. Ọkùnrin náà ti gbà pé òun ni."

"Ọ̀gá, kí ló sọ gan-an?"

"Ó ní bóyá òun ni."

"Bóyá?" Màmá gbé fáìlì náà. "Ẹni tó mọ̀ kì í sọ bóyá. Ẹ jẹ́ kí n lọ kí i."

Ọ̀gá wo aago ògiri, ó mí kanlẹ̀. Ó mọ ohun tó ń bọ̀. Kí Màmá tó dé ẹnu ọ̀nà, òun fúnra ẹ̀ ti bá a sọ ọ́: "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà."

Alágbàfọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ ń tẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ìlà ẹ̀ dúró, níbi tí kò ti sí áyọ́ọ̀nù. Ojú ẹ̀ ti wọnú. Ìyàwó ẹ̀ wà níta pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀. Bí kóòtù bá sọ pé ó jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ni, ẹ̀wọ̀n gidi, ọmọ ẹ̀yìn yẹn á sì ti máa rìn lọ sí iléèwé fúnra ẹ̀ kó tó tún rí bàbá ẹ̀ nílé.

"Màmá, mi ò mọ̀ mọ́," ló wí. "Gbogbo ìgbà ni mò ń yọ ọ́ nínú iná. Gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn ṣe ń sọ ọ́, mo ní bóyá ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbàgbé."

"Fi gbogbo wọn sílẹ̀. Sọ ọ́ fún mi láti ẹ̀yìn wá. Kí lo ṣe kẹ́yìn?"

"Mo ti àgádágodo."

"Kó tó di àgádágodo ńkọ́?"

"Mo kó ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan kọ́ apá méjèèjì. Ọwọ́ mi kún, eyín ni mo fi mú kọ́kọ́rọ́."

"Kó o tó kó ṣẹ́ẹ̀tì?"

"Mo... mo wé okùn áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn lára." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó wo ìka ẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Àpá iná kékeré kan wà lórí ẹ̀, ó ti ń gbẹ. "Màmá! Ó jó mi lọ́wọ́! Mi ò ní sùúrù kó tutù, mo ń wé okùn mọ́ ọn, ó jó mi, mo fi ìka sẹ́nu!"

"O mọ ọ̀nà ilé," ni Màmá wí. Yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí ló gbà lọ, ó ní kí wọ́n tú ọ̀rá Kíákíá fún òun. Áyọ́ọ̀nù náà ti dúdú, ọwọ́ ẹ̀ ti yọ́, rọ́bà okùn ẹ̀ ti jóná tán. Àmọ́ wáyà pupa tó wà nínú okùn ò jó. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ká mọ́ ọrùn áyọ́ọ̀nù bí ejò tó ń sùn.

Ó ké sí Kíákíá. "Kíákíá ọmọ mi, wá wo ẹ̀rí ẹ. Bí o bá fẹ́ lo áyọ́ọ̀nù nílé ẹ, ṣé o máa ń wé okùn ẹ̀ mọ́ ọn lára kó o tó kì í bọ ojú iná?"

Kíákíá fi ọwọ́ họ orí. "Ìyàwó mi ló ń lọ aṣọ mi, Màmá."

"Mo mọ̀. Lọ bi í."

Wọ́n gbé e lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá wò ó dáadáa, ó gbọnrí. "Màmá, ó dáa, àmọ́ kò tó. Ìwé wà tó fi sọ pé bóyá òun ni. Wọ́n á ní bí kì í bá ṣe òun, ta ni? Bí ẹ ò bá ní ìdáhùn sí èyí kó tó di ọjọ́ Ajé, ọwọ́ mi ò sí ńbẹ̀ mọ́, ó ń lọ."

Ni Màmá bá gba ojú títì lọ. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù Sùn-Un-Re tó jóná, ó da garawa kan délẹ̀, ó jókòó lé e láàárín eérú. Báyìí ló máa ń ṣe, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, á kàn máa wò. Òrùlé ti lọ, oòrùn ń wọlé bó ṣe wù ú. Ìṣó mẹ́ta ló ṣì wà lára ògiri. Lábẹ́ ọ̀kan, ó rí irin aago. Lábẹ́ ìkejì, ó rí àfọ́kù dígí. Ó wò wọ́n, kò rí nǹkan kan tó yà á lẹ́nu, ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó sọdá sọ́dọ̀ onídìrí tó wà ní òdìkejì títì, tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù méjèèjì.

Onídìrí ò nílò ìbéèrè. Orí oníbàárà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ń lọ. "Ẹ jókòó, Màmá. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i o! Ẹ ṣáà máa wò ó. Sùn-Un-Re ti san inṣọ́ránsì, bí ṣọ́ọ̀bù bá jó, owó ń bọ̀ nìyẹn. Fóòmù ò tà mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fóòmù ńlá kan sí ìsàlẹ̀ títì. Èmi ò sọ nǹkan kan o, irun ni mò ń dì. Àmọ́ ìyá ẹ̀ ló ń ṣe mí láàánú."

"Ìyá ẹ̀ ń bẹ láyé ni?"

"Rárá o, fọ́tò tó bá iná lọ ni mò ń wí! Ó wà lókè ilẹ̀kùn inú, nínú férémù ńlá onígíláàsì, ó ń fojú bá èèyàn wí. Bí ẹ bá ra nǹkan, Sùn-Un-Re ò ní jẹ́ kí ẹ lọ láìkí i. 'Ẹ kí màmá mi kí ẹ tó jáde.' Èmi tí mo ra ìrọ̀rí kékeré, mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, kó má lọ rò pé mo fojú di òun. Ṣọ́ọ̀bù ló gbé e kọ́ nítorí ìyàwó ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní ojú ìyá yẹn tó òun nígbà tó wà láyé, kò ní tún wá máa wo òun láti ara ògiri."

Oníbàárà tó wà lórí àga rẹ́rìn-ín títí orí ẹ̀ fi yẹ̀. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ti dé etí ẹ̀, kò tíì dé inú ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló wá dé inú. Ọkọ ẹ̀ ti ra ọ̀dà, wọ́n fẹ́ kun pálọ̀. Màmá fi aṣọ àlòkù wé orí, ọ̀dà tó pò ti ta sí i nímú, ó mú ìgbálẹ̀ dání, ọkàn ẹ̀ kò sí nílé. Ló bá rí ọkọ ẹ̀ tó gun àga. Kò fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Kò fọwọ́ kan rédíò tó fẹ́ràn bí ojú. Fọ́tò ìyá ẹ̀ tó ti kú ló kọ́kọ́ yọ lára ògiri, ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì tó mọ́ lọ́rùn, ó fi wé e, ó rọra gbé e lọ sórí ibùsùn.

"Bàbá wa, tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?"

"Ìwọ gbé tẹlifíṣọ̀n. Ṣé kí n fi ìyá mi sílẹ̀ kí ọ̀dà máa ta sí i lójú ni? Ìyá ni wúrà."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu ẹ̀ tó fi dúró gbagidi, ìgbálẹ̀ lókè. Ìṣó mẹ́ta. Aago lábẹ́ ọ̀kan, dígí lábẹ́ ọ̀kan. Ìkẹta ńkọ́, èyí tó wà lókè ilẹ̀kùn inú?

"Bàbá wa, ẹ máa kùn ún lọ. Mò ń bọ̀."

"Ibo? Kí lo fẹ́ fi asẹ́ ilé ìdáná ṣe? Ìyàwó mi, asẹ́ wa!"

"Mo máa ra òmíràn!"

Ó pe Kíákíá pé kó pàdé òun níbẹ̀. Kíákíá dé pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó rí Màmá tí ọ̀dà wà nímú ẹ̀, tó kúnlẹ̀ nínú eérú pẹ̀lú asẹ́, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kúnlẹ̀. Bu eérú tó wà lábẹ́ ìṣó yìí, kó o sẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe bí orúkọ ẹ o, díẹ̀díẹ̀."

Wọ́n kọ́kọ́ sẹ́ ti abẹ́ aago. Ọwọ́ aago méjèèjì jáde, tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Wọ́n sẹ́ ti abẹ́ dígí. Àfọ́kù jáde bí ìpẹ́ ẹja, dúdú, tó mú. Wọ́n wá dé abẹ́ ìṣó kẹta. Wọ́n sẹ́ ẹ. Wọ́n sún síwájú, wọ́n sẹ́ ẹ. Wọ́n sún sẹ́yìn. Eérú ni, eérú ni, eérú ni. Kò sí ẹyọ gíláàsì kan tó tó èékánná ọmọ.

"Àbí omi panápaná ló gbá a lọ?" ni Kíákíá wí.

"Omi tó gbá gíláàsì ńlá lọ, tó wá fi ọwọ́ aago sílẹ̀? Gíláàsì lè fọ́, ó lè dúdú, ó lè yọ́ pàápàá. Kì í fò lọ, ọmọ mi. Màmá yẹn ò sí nílé nígbà tí iná wọlé. Ẹnì kan ló ti gbé e jáde."

Kíákíá wolẹ̀. Bàtà ẹ̀ ti di funfun. Ó ní, "Mo ti mú ọkùnrin yẹn pamọ́ lásán."

"O ò tíì mú un lọ sí kóòtù. Dìde. Ta ni yóò gba ìyá Sùn-Un-Re lálejò? Ìyàwó ẹ̀ kọ́, ìyẹn ti dájú."

Àbúrò ẹ̀ obìnrin ni. Ilé ẹ̀ ò jìnnà. Ó ṣílẹ̀kùn fún wọn tẹ̀rín tẹ̀rín, nǹkan tí wọ́n sì kọ́kọ́ rí lórí ògiri pálọ̀ ni ìyá arúgbó kan nínú férémù ńlá onígíláàsì, tó ń fojú bá èèyàn wí. Màmá bá ara ẹ̀ tó ń sọ pé, "Ẹ káàsán, Màmá," kó tó mọ̀.

Inú àbúrò dùn. "Ẹ ṣeun o! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ tó ṣáájú iná gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi gbé e wá. Ó ní kí Màmá wá bá mi lálejò díẹ̀. Ká ní ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì..." Ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo Màmá, ó wo ọ̀dà tó wà nímú ẹ̀ àti eérú tó wà léékún ẹ̀. Ó rọra jókòó. "Yéè," ló wí, "ẹ̀gbọ́n mi."

Màmá mú un lọ́wọ́, kò yára. Ìyẹn náà wà lára iṣẹ́ yẹn, ẹ̀kọ́ kan ò sì sí tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí àbúrò rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ní, "Alágbàfọ̀ yẹn lọ́mọ. Ẹ máa gbé e lọ. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó fọ́."

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí Sùn-Un-Re jókòó níwájú Màmá ní teṣán, pẹ̀lú Ọ̀gá ní ẹ̀gbẹ́. Ó wá tàyàtàyà, ó rò pé nítorí kóòtù ọjọ́ Ajé ni wọ́n ṣe pe òun.

"Ẹ kú àdánù o," ni Màmá wí. "Ẹ dákun, kí ni gbogbo ohun tó bá iná lọ?"

"Háà, Màdáàmù! Fóòmù, ìrọ̀rí, àga mi, fáànù, aago, dígí. Gbogbo ayé mi!"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀."

Màmá ń wò ó. Ọkùnrin tó ń pàṣẹ pé kí gbogbo oníbàárà kí ìyá òun, iná jó ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún lórí fáànù, kò sunkún lórí ìyá. Ó kọ ojú sí ilẹ̀kùn. "Kíákíá, ó yá."

Kíákíá gbé férémù wọlé. Ó fẹ́ fi ti ògiri, ló bá ń gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ má gbé e sílẹ̀!"

Ohùn ńlá ni. Sùn-Un-Re ti na ọwọ́ méjèèjì, ó ti dìde dúró kí òun alára tó mọ ohun tó jáde lẹ́nu òun. Màmá dìde, ó gba fọ́tò náà lọ́wọ́ Kíákíá, ó gbé e lé orí tábìlì, ó fi ọwọ́ aṣọ nu eruku ojú ẹ̀.

"A ò ní gbé e sílẹ̀," ló wí. "Bí ìfẹ́ tí ẹ ní sí ìyá yín ṣe tó, ẹ ò lè jẹ́ kó jóná. Ọmọ ẹlòmíràn ni ẹ ní kó lọ jóná dípò. Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ sọ ọ́ fún mi láti ẹ̀yìn wá."

Sùn-Un-Re jókòó. Kò lè gbójú sókè sí orí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kò kọsẹ̀ níbì kankan: ìṣáná, epo, kọ́kọ́rọ́, ilé àbúrò, ìṣó. Òtítọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ọ̀nà.

Ọ̀gá ò dúró de ọjọ́ Ajé. Ó fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Kíákíá ló sì gba kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé, ó sáré. Ní ọjọ́ yẹn, orúkọ ẹ̀ wúlò. Ó ṣílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú alágbàfọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí." Alágbàfọ̀ ò tiẹ̀ rí i, ó ti fò ó kọjá. Ìyàwó ẹ̀ wà níta. Igbe tí obìnrin yẹn ké, àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì yọrí lójú fèrèsé. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù, onídìrí fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ìdajì, ó bọ́ sí títì, ó ń pariwo pé, "Mo sọ ọ́! Mi ò sọ nǹkan kan, àmọ́ mo sọ ọ́!" Ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ẹni tó ń ta káàdì fóònù, gbogbo wọn tẹ̀ lé alágbàfọ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tó jóná, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó dúró níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú, ó ní, "Ó wé mọ́ ọn lára! Okùn náà wé mọ́ ọn lára! Mi ò gbàgbé!" Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ ọn jù, pé ọwọ́ òun ò da òun.

Màmá délé, pálọ̀ ti funfun báláú. Fọ́tò ìyá ọkọ ẹ̀ ti padà sórí ìṣó. "Asẹ́ wa dà?" ni ọkọ ẹ̀ bi í.

"Ó ti di ẹ̀rí."

"Ó dáa. Jókòó kó o sọ ọ́ fún mi. Láti iwájú o, mo bẹ̀ ẹ́!"

Kí ẹjọ́ Sùn-Un-Re fúnra ẹ̀ tó dé kóòtù, àwọn ará títì ti dáwọ́ jọ bá alágbàfọ̀ tún ṣọ́ọ̀bù kọ́. Ìyá Sùn-Un-Re inú fọ́tò náà ò jókòó lásán. Yàrá ẹ̀rí ló wà, Kíákíá ló fúnra ẹ̀ kan ìṣó fún un, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń wọlé síbẹ̀ láàárọ̀ tí kì í kí i. Wọ́n ní ẹni tí kò bá kí i, fáìlì ẹ̀ máa ń sọnù.

Aṣọ tí alágbàfọ̀ kọ́kọ́ lọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tuntun ni búláòsì funfun tí Màmá máa wọ̀ lọ jẹ́rìí. Ó lọ̀ ọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, ó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà kóòtù fúnra ẹ̀, ó gbé e kọ́ ìka kan ṣoṣo. Ọrùn ẹ̀ dúró ṣánṣán. Màmá wọ̀ ọ́, ó sì wọlé bí ayaba.

Lọ́yà Sùn-Un-Re dìde, ó fa aṣọ ẹ̀ sẹ́yìn. "Màdáàmù, ṣé ẹ̀yin fi ojú ara yín rí iná yẹn?"

"Rárá, sà. Mi ò rí iná. Ohun tí iná ò rí ni mo rí."

Ẹ̀rín bú nínú kóòtù, adájọ́ pàápàá fi ìwé bo ẹnu. Lọ́yà wo ìwé ẹ̀, ó wo òkè, ó jókòó. Màmá yí padà láti lọ jókòó sáyè ẹ̀, inú ẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn bàtà. Ni ohùn kan bá ta láti ẹ̀yìn pátápátá, tí gbogbo kóòtù gbọ́. Alágbàfọ̀ ni, ó ti dìde dúró, ó ń fọwọ́ bẹ̀ ẹ́:

"Màmá, ẹ dákun! Ẹ fara balẹ̀ jókòó o, ẹ má jẹ́ kó rún!"